Owó, Àwo àti Ìtàgé: Orin Ìbílẹ̀ Írẹ́lándì àti Ọ̀rọ̀ Ẹni Tí Ó Ni Ín

1.0 Ìfáàrà

Kò sí ibi tí a ti ń jíròrò lórí orin ìbílẹ̀ tí a kì í ti í gbọ́ ìráhùn kan: pé owó ti wọ inú orin, owó sì ti ba orin jẹ́. Ohun tí ìráhùn yìí dúró lé lórí ni ìgbàgbọ́ pé àkókò kan ti wà rí tí orin mọ́ gaara, tí àwọn ènìyàn ń ṣe é nítorí ìfẹ́ nìkan, kí ọjà tó dé bá a. Nínú bébà yìí, a fẹ́ yẹ ìgbàgbọ́ náà wò fínnífínní nípa lílo orin ìbílẹ̀ ilẹ̀ Írẹ́lándì. Ìdí méjì ni ó mú wa yan ilẹ̀ yìí. Èkíní ni pé orílẹ̀-èdè kékeré ni, ṣùgbọ́n òkìkí orin rẹ̀ kàn ju bí iye ènìyàn inú rẹ̀ ti mọ lọ. Èkejì ni pé ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń kọ orin náà sílẹ̀ nínú ìwé, tí wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe fún wa láti tọ ipasẹ̀ owó nínú rẹ̀ láti ìran kan dé èkejì.

Ohun mẹ́ta ni a ó gbìyànjú láti fi hàn. Lọ́nà kìíní, a ó fi hàn pé kò sí ìgbà kan tí a mọ̀ tí owó kò sí nínú orin yìí. Lọ́nà kejì, a ó fi hàn pé ọwọ́ kan náà tí òwò fi gba orin náà lọ́wọ́ ìgbàgbé ni ó fi gé lára rẹ̀. Lọ́nà kẹta, a ó sọ èrò tiwa: pé títà kọ́ ni ewu tí ó wà níbẹ̀, bí kò ṣe kí ohun àjọni di ohun ẹnìkan, kí ẹni tí ó ń kópa sì di oníbàárà tí ó ń wòran.

2.0 Irú orin tí à ń wí

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí a ní lọ́kàn. Orin ìbílẹ̀ Írẹ́lándì pín sí ọ̀nà méjì gbòógì. Apá kan ni orin tí a ń fi ẹnu kọ, tí èyí tí ó lókìkí jù nínú rẹ̀ jẹ́ sean-nós. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ní èdè Írẹ́lándì ni ‘àṣà àtijọ́’. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó sábà máa ń kọ ọ́, láìsí ìlù, láìsí ohun èlò kankan. Apá kejì ni orin ijó, irú bíi reel, jig àti hornpipe. Àwọn ohun èlò tí a fi ń ṣe é ni gòjé òyìnbó, fèrè onígi, fèrè tín-ín-rín onípáànù, àkọ́díọ̀nù, háàpù, ìlù pẹlẹbẹ aláwọ ewúrẹ́ tí a ń pè ní bodhrán, àti fèrè alápò tí ó jẹ́ ti Írẹ́lándì nìkan. A kì í fi ẹnu fẹ́ fèrè alápò yìí. Ìgúnpá ni olórin fi ń tẹ ẹwìrì kékeré tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò, ìgúnpá yìí náà ni ó sì fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́: uilleann.

Ìdá méjì ni ohùn orin ijó kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní. Olórin yóò ṣe ìdá kìíní lẹ́ẹ̀mejì, yóò ṣe ìdá kejì lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé àtúnwí lásán ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé olórin tí ó gbọ́fáfá kì í sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì: yóò fi ohùn wínníwínní kún un níhìn-ín, yóò fa òmíràn gùn lọ́hùn-ún, yóò yí ìparí rẹ̀ padà. Bí a ṣe ń fi ẹ̀ka èdè dá ọmọ ìlú mọ̀ náà ni a ṣe ń fi ọwọ́ ìtagòjé dá olórin mọ̀. Ọwọ́ Donegal ní àríwá yàtọ̀ sí ti Sligo. Ti Clare yàtọ̀ sí ti Sliabh Luachra, àdúgbò tí ó wà ní ààlà Cork àti Kerry.

Púpọ̀ nínú àwọn ohùn orin wọ̀nyí ni a kò mọ ẹni tí ó ṣẹ̀dá wọn. Òmíràn ní orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Òmíràn kò tilẹ̀ ní rárá, tí ó fi jẹ́ pé gan ainm, èyíinì ni ‘aláìlórúkọ’, ni wọ́n máa ń kọ sí iwájú rẹ̀ nínú ìwé. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé láti ṣe é lóde òní ni ìjókòó olórin, nílé ọtí tàbí nínú ilé ẹnìkan. Àwọn olórin a jókòó yíká, wọn a kọjú sí ara wọn, wọn kì í kọjú sí èrò. Ẹni tí ó bá mọ ohùn tí wọ́n dá sílẹ̀ a bá wọn ṣe é. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a dákẹ́, a sì máa kọ́ ọ.

A gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba kókó kan kí a tó kúrò níhìn-ín, nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí à ń pè ní ti Írẹ́lándì ni ó ti Írẹ́lándì wá. Láti Scotland ni reel ti wọlé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni hornpipe ti wá, àárín gbùngbùn Yúróòpù sì ni polka ti wá. Bouzouki, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin kò lè ṣe aláìní lónìí, ohun èlò Gíríìsì ni. Kò tíì tó ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ tí Johnny Moynihan fi mú un wọ inú orin náà, láàárín ọdún 1960 sí 1969. Nígbà tí ẹgbẹ́ tí ń jà fún èdè àti àṣà Írẹ́lándì, Gaelic League, tí a dá sílẹ̀ ní 1893, ń wá ijó tí yóò jẹ́ àmì orílẹ̀-èdè, ó kọ ijó ẹlẹ́ni-mẹ́jọ tí àwọn ará oko fẹ́ràn, nítorí pé láti ilẹ̀ Faransé ni ó ti ṣẹ̀. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ yìí sì ti ṣe céilí àkọ́kọ́, èyíinì ni àpèjọ ijó, ní 30 October, 1897. Ijó tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ nígbà náà ti padà di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ lónìí gẹ́gẹ́ bí ijó ìbílẹ̀. Èyí fi yé wa pé yíyàn ni ìdánimọ̀. Àwùjọ ni ó ń yàn án, wọ́n sì lè tún un yàn.

3.0 Owó láyé àtijọ́

Bí a bá padà sẹ́yìn dé ayé àwọn tí ń ta háàpù, owó ni a ó bá níbẹ̀. Turlough O’Carolan (1670–1738), tí ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, lo gbogbo ayé rẹ̀ lórí ẹṣin, láti ilé ọlọ́lá kan dé òmíràn. Níbi tí wọ́n bá ti gbà á lálejò, yóò ṣẹ̀dá ohùn orin fún baálé tàbí ìyálé ilé náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú ohùn orin rẹ̀ fi ń jẹ́ orúkọ àwọn tí ó fún un lóúnjẹ àti owó; Planxty Irwin jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Kò sẹ́ni tí ó ń pe àwọn orin wọ̀nyí ní ayédèrú lónìí.

Ní July 1792, àwọn ọlọ́lá ìlú Belfast pe àpèjọ àwọn tí ń ta háàpù, wọ́n sì fi ẹ̀bùn owó síbẹ̀. Ará Írẹ́lándì mẹ́wàá ni ó wá, pẹ̀lú ẹnìkan láti Wales. Àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wọn. Denis Hempson ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, òun nìkan ni ó sì ṣì ń fi èékánná gígùn ta okùn háàpù bí àwọn ará àtijọ́. Wọ́n háyà ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan, Edward Bunting, láti kọ àwọn ohùn orin náà sílẹ̀. Ó tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1796. Láìsí iṣẹ́ yìí, púpọ̀ nínú àwọn ohùn orin náà ni ì bá ti bá àwọn arúgbó wọ̀nyẹn wọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n piano ni Bunting tò wọ́n fún, nítorí pé piano ni ó wà ní yàrá àlejò àwọn tí yóò ra ìwé. Ohùn orin yè. Ọ̀nà tí èékánná Hempson ń gbà ṣe é kò yè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Thomas Moore mú lára àwọn ohùn orin inú ìwé Bunting, ó fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n jáde ní 1808. Òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn tí ń tẹ ìwé náà bá a ṣe àdéhùn £500 lọ́dún. Bunting ráhùn pé Moore yí ohùn orin padà kí ó lè bá ọ̀rọ̀ mu. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò rí nǹkan gbà lára £500 yìí, tí a kò sì gbọ́ ìráhùn wọn: àwọn tí ń ta háàpù tí a gbọ́ ohùn orin náà lẹ́nu wọn. A fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé yóò tún padà wá bá wa.

4.0 Àwo orin láti òkè òkun

Ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1845, nígbà tí àrùn pa ọ̀dùnkún inú oko, gba ẹ̀mí nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ní Írẹ́lándì, ó sì lé nǹkan bí mílíọ̀nù kan mìíràn kúrò nílé. Àwọn tí wọ́n lọ kò lè gbé ilẹ̀ lọ. Wọ́n gbé orin. Èyí ni ó fà á tí ó fi jẹ́ pé ìlú Chicago ni a ti tẹ ìwé orin Írẹ́lándì tí àwọn olórin gbára lé jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà, Francis O’Neill, ọmọ bíbí Cork, ni ó kó o jọ láti ẹnu àwọn olórin tí ó wà láyìíká rẹ̀. Ohùn orin 1,850 ni ó wà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1903.

Ẹ̀rọ giramafóònù ni ó tẹ̀ lé e. Ní 1916, Ellen O’Byrne DeWitt, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní New York, ṣàkíyèsí pé àwọn ará ilé rẹ̀ ń béèrè fún orin ijó ìlú wọn, kò sì rí àwo rẹ̀ tà fún wọn. Ó lọ bá ilé-iṣẹ́ Columbia, ó sì ṣe ìlérí pé òun yóò ra 500 àwo bí wọ́n bá lè ṣe é. Wọ́n ṣe é, ó tà, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: iyá ọlọ́jà kan tí ó mọ ohun tí oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́ ni ó ṣí ilẹ̀kùn yìí, kì í ṣe ẹgbẹ́ aṣàtúnṣe àṣà.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ga jù nínú àwọn tí wọ́n gba orin sínú àwo ni Michael Coleman (1891–1945). Killavil ní Sligo ni wọ́n ti bí i. Ó kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1914, ó sì gba orin sínú àwo láti 1921 títí di 1936. Àwọn àwo rẹ̀ àti ti James Morrison àti Paddy Killoran, ọmọ Sligo bíi tirẹ̀, padà wọ Írẹ́lándì nínú àpótí àwọn tí ó wá kí àwọn ẹbí wọn. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó ti giramafóònù, wọ́n ń kọ́ ọ ní ohùn dé ohùn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ojú àwo kan lè gbà. Nítorí náà ni àwọn olórin fi ń so ohùn orin méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí ó lè kún un. Ní 1934, Coleman so The Tarbolton, The Longford Collector àti The Sailor’s Bonnet pọ̀ ní ìtẹ̀léra. Títí di òní, bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ èkíní nínú ìjókòó olórin, àwọn yòókù ti mọ èyí tí ó kàn. Bí ojú àwo ti gbòòrò tó ti di òfin àṣà.

Kí ni àwo fún orin yìí, kí ni ó sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó fún un ní iyì. Ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ fún pé orin baba rẹ̀ jẹ́ orin òtòṣì gbọ́ ọ láti inú ẹ̀rọ tí ó ti New York wá, orí rẹ̀ sì wú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Sligo bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọwọ́ àwọn àdúgbò yòókù mọ́lẹ̀. A sábà máa ń gbọ́ ìtàn àwọn atagòjé tí wọ́n gbé gòjé wọn kọ́ ògiri nígbà tí wọ́n gbọ́ àwo Coleman, nítorí pé wọ́n rò pé tiwọn kò já mọ́ nǹkan. Coleman kò ṣẹ̀ wọ́n; ọwọ́ tirẹ̀ náà jẹ́ ọwọ́ àdúgbò kan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ mú ẹ̀ka èdè kan, ó sọ ọ́ di èdè àjùmọ̀lò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó láti pinnu rẹ̀. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí èdè mọ ohun tí irú èyí máa ń ṣe fún àwọn ẹ̀ka èdè tí ó kù.

5.0 Òfin àti gbọ̀ngàn ijó

Nígbà tí àwo ń ti òkè òkun bọ̀, òfin ń bọ̀ láti ilé. Ìjọba Írẹ́lándì ṣe òfin gbọ̀ngàn ijó ní 1935. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ijó ìta gbangba láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ń pariwo tipẹ́ nípa ijó òru àti ìwà àwọn ọ̀dọ́. Ìjọba pẹ̀lú sì ń gba owó orí lára owó ìwọlé. Ijó ìta gbangba ni òfin náà dárúkọ, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn àlùfáà àti ọlọ́pàá lò ó láti fi tú ijó inú ilé àti ijó oríta ká.

Inú ilé ìdáná àgbẹ̀ ni orin yìí ti ń gbé títí di ìgbà náà. Atagòjé kan tàbí méjì ti tó láti mú yàrá kan jó. Nígbà tí ijó ṣí lọ sí gbọ̀ngàn, níbi tí ènìyàn ti ń sanwó kí ó tó wọlé, ohùn gòjé kan kò dé ẹ̀yìn mọ́. Wọ́n ní láti kó olórin mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá jọ, pẹ̀lú piano àti ìlù òyìnbó, kí ohùn lè kún inú gbọ̀ngàn. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe ohùn kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè kò sí mọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ yí ìparí padà. Àwọn kan wà tí wọ́n rí ọ̀nà àbáyọ. Ní Sliabh Luachra, Pádraig O’Keeffe (1887–1963) fi iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé sílẹ̀, ó ń rìn láti ilé dé ilé, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní gòjé. Ní Donegal, John Doherty, tí ó kú ní 1980, ń rin ìrìn àjò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ páànù, gòjé rẹ̀ sì ni owó ìbùsùn rẹ̀. Owó wà nínú iṣẹ́ àwọn méjèèjì yìí. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń ti ọwọ́ ẹni dé ọwọ́ ẹni ni, ojú sì mọ ojú.

6.0 Láti yàrá dé ìtàgé

Ní 1951, àwọn olórin kan tí ẹ̀rù ń bà pé orin náà fẹ́ parun dá ẹgbẹ́ Comhaltas Ceoltóirí Éireann sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọdún orin, Fleadh Cheoil, ní Mullingar ní ọdún yẹn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, Seán Ó Riada (1931–1971) kó àwọn olórin ìbílẹ̀ jọ sí ẹgbẹ́ tí ó pè ní Ceoltóirí Chualann. Ó tò wọ́n bí a ti ń to orin ilé ńlá: fèrè yóò dá sọ̀rọ̀, gòjé yóò dá a lóhùn, gbogbo wọn yóò sì parapọ̀. Láti inú wọn ni Paddy Moloney ti rí púpọ̀ nínú àwọn tí ó fi dá ẹgbẹ́ The Chieftains sílẹ̀ ní 1962, ẹgbẹ́ tí ó gbé orin náà yí ayé ká. Láti ìgbà yìí ni olórin ìbílẹ̀ ti lè fi orin jẹun láìní iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n èrò tí ó jókòó, tí ó dákẹ́, tí ó sì pàtẹ́wọ́, ni ó ń bọ́ ọ.

Ìparí ọ̀nà yìí, ní ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni Riverdance. Nǹkan bí ìṣẹ́jú méje ni ó gbà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Dublin ní 30 April, 1994, láàárín ìdíje orin Yúróòpù tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Bill Whelan ni ó ṣẹ̀dá orin rẹ̀, ó sì ti ṣiṣẹ́ lórí orin ilẹ̀ Bulgaria ṣáájú èyí. Àwọn oníjó méjì tí ó ṣáájú, Jean Butler àti Michael Flatley, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì. Ní February 1995, ó ti di eré tí ó kún ìrọ̀lẹ́ kan, láìpẹ́ sì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ayé.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ní 1995 yìí kan náà, Micheál Ó Súilleabháin gbé ètò A River of Sound kalẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ojú tí ó fi wo orin náà ni ti odò tí ń ṣàn, tí omi mìíràn sì ń wọ inú rẹ̀. Tony MacMahon, àgbà nínú títẹ àkọ́díọ̀nù, takò ó gidigidi. Lójú tirẹ̀, ohun tí a ń pè ní ìdàgbàsókè jẹ́ pípàdánù ọkàn orin. Ní 1996, àwọn olórin àti àwọn ọ̀mọ̀wé pàdé ní Dublin ní àpérò kan tí wọ́n pè ní oríta orin, Crosbhealach an Cheoil, láti bá ara wọn sọ ọ́ lójúkojú.

Èrò tiwa ni pé òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà. Odò ni orin lóòótọ́. A sì ti rí i ní abala kejì pé omi àjèjì kò tíì pa á. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé ìsun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìsun tí à ń wí kì í ṣe mímọ́ gaara orin, nítorí pé kò fìgbà kan mọ́ gaara. Ìsun rẹ̀ ni yàrá tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe é fún ara wọn. Riverdance kò gbẹ ìsun yẹn; ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó tì wọ ilé ẹ̀kọ́ ijó. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó rọ́pò rẹ̀.

A lè fi abúlé Doolin ní Clare ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tí ń jẹ́ Russell, tí Micho (1915–1994) lókìkí jù nínú wọn, ni ó mú kí àwọn àlejò máa wá síbẹ̀ láti gbọ́ orin. Láti nǹkan bí 1970 ni èrò ti ń pọ̀ sí i, títí abúlé náà fi di ibi tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń wọ́ lọ. Bí èrò bá ti kún ilé ọtí, onílé ọtí a fẹ́ kí orin dájú. A máa sanwó fún olórin méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n lè wà níbẹ̀ lálaalẹ́. A máa gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí iwájú wọn, kí ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́. Níbi tí ẹ̀rọ yẹn bá wà, òbìrí tí wọ́n jókòó sí yóò ṣí sílẹ̀, yóò sì di ìlà tí ó kọjú sí èrò. Ọmọdé tí ó ní fèrè nínú àpò kò ní mọ ibi tí yóò jókòó sí mọ́.

7.0 Ta ni ó ni orin?

Àbùkù tí a rí nínú ọ̀rọ̀ Bunting àti Moore ti padà wá, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, òfin ni ó gbé e wá. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ mọ ẹni tí ó ṣẹ̀dá iṣẹ́ ọnà kan, ó sì ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ rẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò mọ abúlé, kò mọ ìran. Ohùn orin aláìlórúkọ, ní ojú òfin yìí, kò ní olówó. Ṣùgbọ́n bí olórin kan bá gba á sínú àwo, ó lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti ìbílẹ̀ ni, òun ni ó tò ó. Nígbà náà, owó ẹ̀tọ́ lórí ètò tí ó ṣe yóò máa wọlé fún un. Arúgbó tí ó kọ́ ọ ní ohùn náà lẹ́bàá iná kò sí nínú ìwé yẹn.

Ìdàkejì rẹ̀ tún wà. Ed Reavy, ọmọ Cavan tí ó ń ṣe iṣẹ́ omi-ẹ̀rọ ní Philadelphia títí ó fi fẹ̀yìntì, tí ó sì kú ní 1988, ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ ohùn orin. Wọ́n dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olórin fi rò pé láti ayé àtijọ́ ni wọ́n ti wá. Ìyìn wo ni ó tún ju èyí lọ fún ẹni tí ń ṣẹ̀dá orin ìbílẹ̀? Síbẹ̀, ìyìn yìí gan-an ni ó lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ọ̀rọ̀ yìí gbóná. Àjọ tí ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn aṣẹ̀dá orin ní Írẹ́lándì, IMRO, ń béèrè owó ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ilé tí orin ti ń dún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ilé ọtí tí ìjókòó olórin ti ń wáyé, àwọn olórin béèrè pé: bí ohùn orin tí à ń ṣe kò bá ní olówó, ta ni a ń gba owó náà fún? Ẹ̀rù tí ó ń bà wọ́n ni pé onílé ọtí tí wọ́n bá ní kí ó sanwó lórí ohun tí ó ń wáyé lọ́fẹ̀ẹ́ lè pa ìjókòó náà rẹ́. Ní 1998, IMRO àti Comhaltas bá ara wọn ṣe àdéhùn kan. Àwọn kan yìn ín pé ó mú àlàáfíà wá. Àwọn mìíràn bínú. Wọ́n ní ta ni ó fún ẹgbẹ́ kan láṣẹ láti ṣojú fún orin tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan.

Ìbéèrè yìí ṣe kókó ju iye owó tí ó wà nídìí rẹ̀ lọ. Nínú ìjókòó olórin, bí mo bá kọ́ ohùn orin kan lọ́dọ̀ rẹ, ó kù sí ọ lọ́wọ́, ó sì dé ọwọ́ mi. Gbèsè tí mo jẹ ọ́ ni pé kí n dárúkọ rẹ nígbà tí mo bá ń ṣe é, kí n sì kọ́ ẹlòmíràn. Gbèsè bẹ́ẹ̀ ni ó so àwùjọ pọ̀. Nígbà tí ìwé owó bá rọ́pò rẹ̀, a ti san gbèsè náà tán, kò sì sí ohun tí ó tún so wá pọ̀ mọ́.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú bébà yìí pé ìráhùn tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò rí bí a ti ń sọ ọ́. Owó ni ó gbé O’Carolan rìn, owó ni ó pe àpèjọ Belfast, ìlérí 500 àwo ni ó sì ṣí ọ̀nà tí Coleman gbà. Bí a bá yọ òwò kúrò nínú ìtàn yìí, púpọ̀ nínú orin náà ni kò ní sí fún wa láti jiyàn lé lórí. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí òwò bá gbé orin náà, ó máa ń fi ohun kan sílẹ̀ lẹ́yìn: èékánná Hempson, ọwọ́ àwọn àdúgbò kéékèèké, ilé ìdáná, òbìrí tí àwọn olórin jókòó sí.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa béèrè kì í ṣe pé ṣé wọ́n ń ta orin náà. Ìbéèrè náà ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tà á tán, ṣé ibì kan ṣì kù tí a ti lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n? Ní ti Írẹ́lándì, ó kù. Láti 1968 ni àwọn tí ń fun fèrè alápò ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, Na Píobairí Uilleann, tí ó ń kọ́ni ní fífun fèrè náà àti ṣíṣe é. Láti 1973, ọdún tí Willie Clancy kú, ni àwọn olórin ti ń pé jọ sí ìlú rẹ̀, Miltown Malbay, lọ́dọọdún ní July. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́, alẹ́ ni wọ́n ń ṣeré. Láti 1987 ni ilé ìkówèé-àti-orin-pamọ́ ti wà ní Dublin fún orin ìbílẹ̀ nìkan. UNESCO fi fífun fèrè alápò sínú ìwé àwọn àṣà tí ó yẹ ní dídáàbòbò ní 2017, ó sì fi títa háàpù síbẹ̀ ní 2019. Àwọn olórin fúnra wọn ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohùn orin jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè mú láìsan kọ́bọ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ìtajà, kò sì lòdì sí ìtajà. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń pa àyè kan mọ́ lẹ́yìn ọjà, níbi tí ẹni tí ó wá gbọ́ orin lónìí ti lè di ẹni tí yóò bá wọn ṣe é lọ́la. Bí àyè yẹn bá wà, kí àwo máa tà, kí ìtàgé máa kún. Bí kò bá sí mọ́, orin náà lè gbajúmọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó sì ti di ohun tí àwọn tí ó ni ín ń sanwó wò bí àlejò.